Iná Ti Dé sí Ajue

Máyọ̀wá àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ tí kò tíì mọ ilé. Bàbá ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí. Kòkó wa jẹrà lórí igi, nítorí òjò ò mọ oṣù mọ́.

Ìwọ lo yàwòrán dáàmù wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ tán, omi ò tó yí ẹ̀rọ iná rẹ̀. O sọ fún Màmá pé odò kì í kún nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n máa rẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe púpurú sódò nísàlẹ̀ dáàmù láìfòyà. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo ní kí wọ́n má lọ sódò, pé òjò ṣú lókè odò. Wọ́n ní, “Ṣé o mọ̀ ju ọmọ mi lọ ni?” Wọ́n sì lọ.

Dáàmù kún. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kó má baà wó.

Iná tí o ṣèlérí fún Màmá tàn ní gbogbo ojúlé lọ́jọ́ náà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ la fi wá Màmá. Àpò ẹ̀gẹ́ nìkan la rí.

Má wulẹ̀ wọkọ̀ òfúrufú, kò sí òkú tí o máa sin. Kí Olúwa fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, kí o lè máa rántí.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Lydia