Alùpùpù Pupa Tí Bàbá Ṣe

Ẹ̀gbọ́n mi Ivano,

Ṣé dáadáa ni ẹ wà ní Adelaide? Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo ará Loiano ní kí n kí yín. Orúnkún ṣì ń dun Màmá, àmọ́ wọ́n ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀ látìgbà tí a ti sin Bàbá.

Ẹ ní kí n fi alùpùpù Bàbá ránṣẹ́, pé ọmọ ọkùnrin ló ni ín, pé obìnrin ò lè gùn ún. Èmi ni mo gùn ún nígbà tí Bàbá ń ṣe é. Ara mi ni wọ́n fi wọn ìjókòó rẹ̀. Nítorí tèmi ni wọ́n ṣe tẹ ẹ̀gbẹ́ táńkì epo rẹ̀ wọnú, kí orúnkún mi lè dì í mú ní kọ́nà. Lórí òkè Futa, kò sí ọkùnrin tó lé mi bá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Lọ́jọ́ tí Bàbá kú, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà. Mo fi eré burúkú gùn ún kọjá lábẹ́ fèrèsé wọn. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Nives, o gbọ́? Ivano ti dé! Ta ló tún lè gùn ún báyẹn?"

Mo ní, "Ẹ kú oríire, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn kí wọ́n tó kú nìyẹn.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú títì. Ẹ kọ orúkọ èbúté tí ẹ ti máa gbà á ránṣẹ́ sí mi, kí n lè fi alùpùpù náà sọ́kọ̀ ojú omi. Ẹ má wulẹ̀ bá mi jà mọ́. Bàbá fúnra wọn ti gbà á lọ́wọ́ mi fún yín.

Àbúrò yín,
Nives