Abẹ́rẹ́ Tí Ẹ Kọ̀ fún Fìyìnfólúwa

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi. Wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì dé ilé-ìwé Fìyìnfólúwa ní Fìdítì, ẹ sì ní, "Ọmọọmọ mi ò ní gba abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó bímọ."

Irọ́ ni, Màámi. Apá lè máa dùn ún, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀, kì í pẹ́ lọ. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ló ń dènà, ìgbà èwe ló sì dára jù láti gbà á. Èmi ò rí i gbà nígbà tèmi.

Àlàáfíà ni mo wà ní Kánádà. Dókítà ní kí n sinmi díẹ̀. Irun mi ń re, ni mo bá fá a. Ó bá mi mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Fìyìnfólúwa lọ gba abẹ́rẹ́ náà.

Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Ọláolúwa ní Ìlọrà. Ẹ ní kí àwọn ìyá ìjọ máa dárúkọ mi nínú àdúrà.

Ọmọ yín,
Rachel