Kẹ́ẹ̀gì Mẹ́fà Omi Kíkorò Tí Mo Tọ́jú Dè Ọ́

Àbíkẹ́yìn mi,

Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí o fi ránṣẹ́, mo ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé igba. Ẹni tó bá mi rù wọ́n wọlé gba ẹgbẹ̀fà, ọṣẹ gba ọ̀ọ́dúnrún, fóònù jẹ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé ẹgbẹ̀rin, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ṣé ara rẹ le? Ẹni tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ yóò máa mú ọ wọlé lálẹ́. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún ọ̀tún.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù, pé nílé iṣẹ́ yín, bí ẹ bá ti yọ omi mímu nínú omi òkun tán, ẹ kì í da omi iyọ̀ tó kù nù mọ́, hóró pínníṣín kan lẹ ń dà sí i, tí yóò fi iyọ̀ sílẹ̀, tí yóò fi gbogbo nǹkan yòókù sílẹ̀, tí yóò sì mú irin tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì nìkan. Mo dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo tilẹ̀ pariwo, ọ̀rọ̀ kan náà ni o ṣáà ń tún wí, o kò dúró gbọ́ tèmi. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí.

Àyà mi já. Ogójì ọdún ni mo ti ń se iyọ̀ tà, omi kíkorò tó ń kù nísàlẹ̀ ìkòkò, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń dà á sí! Mo bá rọ ti oṣù yìí sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo wá rántí hóró tí o gbàgbé sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ nígbà tí o wá kẹ́yìn, mo ka àádọ́ta sínú kẹ́ẹ̀gì kìíní, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá alágbẹ̀dẹ ti gbé àpò wá, ó ní irin tó bá jáde, òun yóò fi rọ ọkọ́ méjì. A sẹ́ hóró náà, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí kí irin lè jáde. Kò sí nǹkan kan. Bàbá alágbẹ̀dẹ ní hóró náà kò mọ̀ wá rí ni, ẹni tó ni ín nìkan ni yóò gbọ́ tirẹ̀. Mo rò ó, ó jọ òótọ́. Nítorí náà, ìwọ fúnra rẹ ni yóò wá.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ń wá, mo máa ń gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ènìyàn mọ́kàndínlógún ló sọ̀, mo kà wọ́n. Ojú mi fi gbogbo wọn sílẹ̀, kò mú ìkankan.

Owó kékeré kan ni mo ń tọrọ: ti abẹ́ ìrọ̀rí yìí tó ìdajì owó ọkọ̀ rẹ, wá ìdajì kejì kún un, kí o sì fi ara rẹ gbé e wá. Omi òkun tí ò ń bá ṣiṣẹ́ kò ní gbé ọ lọ. Ohun tí o bá wá, wàá rí i.

Lọ́jọ́ tí o ń lọ, ọjọ́ méje lọ́dún ni o ṣèlérí fún mi. Ọdún mẹ́rin ti pé, ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n nìyẹn. O ti san márùn-ún.

Èmi ìyá rẹ. Ó ku mẹ́tàlélógún.