Òdòdó Ilé Kẹsàn-án

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje oṣù kẹwàá

Òjò láti àárọ̀. Mi ò ṣe nǹkan kan ju kí n jókòó ti fèrèsé lọ. Ìyá Onífúláwà — Maureen tó ni ṣọ́ọ̀bù òdòdó ní ìsàlẹ̀ òkè — gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró níwájú ilé mi. Ta ni yóò fi òdòdó ránṣẹ́ sí èmi?

Kì í ṣe èmi. Ilé kẹsàn-án ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ilé Madam Avril Sugden, opó tó múlé tì mí; keje ni tèmi, òdìkejì òpópó ni ilé kẹjọ wà. Kò sí nílé. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Burnley, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ládùúgbò yìí. Maureen ní, "Ọ̀wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á sílẹ̀. Màá fi káàdì há ẹnu ọ̀nà wọn pé ó wà lọ́dọ̀ yín." Mo gbà á. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn, ta ni yóò kọ̀? Odidi ìdì òdòdó, funfun àti àwọ̀ ọsàn. N kò rí àwo tó gbà á, mo kì í bọ inú garawa tí mo fi ń fọ ilẹ̀.

Alison fóònù nírọ̀lẹ́. Ọmọ mi, ọ̀gá mi. Yàrá tí wọ́n kọ́ fún mi sẹ́yìn ilé wọn ní Reading ti parí, wọ́n ti kùn ún. Ẹni tó fẹ́ ra ilé mi ń dúró. "Dádì, ìparí oṣù yìí o. Ẹ ò lè máa dá gbé bí òwìwí." Mo ní màá rò ó. Kí ni mo tún fẹ́ rò? Láti ọdún méjì tí Glenys, ìyàwó mi, ti kú, kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn yìí àfi ẹni tó bá ní nǹkan tó fẹ́ tà. Àti Téèpù — ọkùnrin tó wá wọn ilé lóṣù tó kọjá, tó ń fa okùn ìwọ̀n kiri bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò fún ilé. Gbogbo aṣọ fèrèsé àdúgbò ló ń mì lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Kò tíì wá gbé òdòdó rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Kò wá. Ó sì wà nílé, mo ń gbọ́ rédíò rẹ̀ lára ògiri. Ṣé kí n gbé e lọ bá a ni? Ṣùgbọ́n káàdì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ni ẹrù ló ń wá gba ẹrù. Bí mo bá gbé e lọ, á dà bí ẹni pé mò ń sọ pé ó fi ẹrù dí mi nílé. Ọdún mọ́kàndínlógún la ti jọ fi ògiri kan pààlà, a ò sì ṣẹ ara wa rí. "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Entwistle." "Ẹ káàárọ̀, Madam Sugden." Ó tán. Kí n wá bà á jẹ́ nítorí òdòdó?

Káàdì kékeré kan wà láàárín òdòdó náà. Mi ò kà á.

Mo kà á. "Pẹ̀lú ìfẹ́." Kò sí orúkọ. Ìfẹ́ ta ni?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

A pàdé níbi garawa ìdọ̀tí. Ó ní òtútù ti dé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òtútù ti dé. Ó dúró. Èmi náà dúró. Ó wo ilẹ̀kùn mi, ó wo ojú mi, ó ní òtútù ọ̀hún mà pọ̀ o. Mo ní ó pọ̀ lóòótọ́. Ó wọlé lọ. Kí ló fẹ́ kí n sọ sí ọ̀rọ̀ òtútù?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Òdòdó ti ń rọ. N kò lè wò ó mọ́. Láàárọ̀ kùtù mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo gbé e kalẹ̀, n kò kan ilẹ̀kùn kí n má baà jí i, mo sáré padà. Èmi àgbà, pẹ̀lú sálúbàtà, bí olè adìyẹ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Ó kọjá lára mi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ògiri ló kí. Kí ni mo ṣe? Mo dá ẹrù ẹlẹ́rù padà, mo wá di ọ̀tá.

Mo délé, mo bá kéèkì atalẹ̀ tí wọ́n fi bébà wé lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó gbé e kalẹ̀, ó lọ. Ta ló ń bínú sí ènìyàn tó tún ń ṣe kéèkì fún un? Kéèkì náà dùn. N kò mọ ìdí tí ìyẹn fi tún ń bí mi nínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Maureen tún dé. Ìkòkò ni lọ́tẹ̀ yìí, ewé gbọọrọ pẹ̀lú òdòdó funfun. Fún ilé kẹsàn-án. "Wọn ò sí nílé o, ọ̀wọ́n." Mo ní mo mọ̀ pé wọn ò sí nílé, Ìṣẹ́gun ni. Ta ló ń fi í ránṣẹ́? Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá ń ta fúláwà tó tún ń tú àṣírí, kò ní pẹ́ kógbá sílé."

Nírọ̀lẹ́, ewéko náà ti dákú. Gbogbo ewé rẹ̀ wó lulẹ̀ bí aṣọ tútù. Ẹ̀rù bà mí. Ẹrù ẹlẹ́rù ni. Mo bu omi fún un, mo jókòó tì í.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó ti dìde! Ó dúró ṣánṣán bí sójà. Inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti sunwọ̀n sí i nínú ilé yìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti mọ ẹni tó ń fi òdòdó ránṣẹ́. Alápatà ni. Ronnie Pickup, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu ẹran títà, tó ń fi ohùn ńlá kọrin lẹ́yìn Madam Sugden nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo rí wọn níwájú ilé kẹsàn-án lónìí, ó ń sọ̀rọ̀, obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Mo fa aṣọ fèrèsé. Orí mi gbóná.

Kí ló kàn mí níbẹ̀? Kí Alápatà fi gbogbo igbó ránṣẹ́ sí i, kí ló kàn mí?

Àwòrán Glenys ń wò mí láti orí pẹpẹ. Glen, má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Kó lè dá mi lójú, mo bi Alison bóyá òun ló ń fi òdòdó náà ránṣẹ́. Ó ní, "Dádì, ṣé màá fi fúláwà ránṣẹ́ sílé kejì kí n wá fo ilé bàbá mi ni?" Òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Ìkòkò kejì. Èyí tún burú, kí n tó se tíì tán ó ti ń dákú. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, kò wá gbé e, èmi náà ò sì tún jẹ́ gbé nǹkan sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni mọ́. Fèrèsé mi ti kún. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo bá Madam Sugden níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ó rọra bi mí, "Ṣé ara wọn le?"

Mo ní ara ta ni?

"Àwọn ewéko yẹn."

Ó mọ̀, àbí! Ó mọ̀ pé wọ́n wà lọ́dọ̀ mi, kò wá. Mo ní ara wọn le dáadáa, ọ̀kan ti ń yọ ewé tuntun. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì bí ẹni tí mo túfọ̀ fún. "Ẹ mà lọ́wọ́ ewéko o, Ọ̀gbẹ́ni Entwistle." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń búni. Ó gba búrẹ́dì rẹ̀, ó lọ.

Ṣé ó fẹ́ kí wọ́n kú ni?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Alison. Ẹni tó fẹ́ ra ilé ń fẹ́ ìdáhùn lọ́jọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò lọ ra ibòmíràn. Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀ sí mi létí. Kí ló kù tí mò ń dúró dè? Àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Alápatà wà níbí.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í lọ láìdágbére. N ó fi ìkòkò kan ránṣẹ́ sí ilé kẹsàn-án, èyí tó lórúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́, ó kéré tán.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí Maureen bá mi gbé ìkòkò kan lọ sí ilé kẹsàn-án lọ́la. Ó ń di ọ̀já mọ́ òdòdó kan lọ́wọ́, kò wojú mi. Ó ní, "Lọ́la kẹ̀? Rárá o, tiwọn ti wà nílẹ̀ fún ọ̀la. Tiwọn ti wà nílẹ̀ títí di Kérésìmesì. Àwọn fúnra wọn ló yan —"

Ó pa ẹnu dé. Ó tú ọ̀já, ó tún un dì, ó tún tú u.

Mo ní àwọn fúnra wọn wo?

"Mi ò sọ nǹkan kan."

Mo dúró síbẹ̀. Ó ju ọ̀já sílẹ̀. "Háà, ó ti sú mi! Ọ̀gbẹ́ni Entwistle, ṣé ẹ mọ ohun tí ojú mi ń rí? Obìnrin yẹn ní kí n máa mú èyí tó ń tètè dákú wá. Ó ní bí ẹ bá rí i tó ń kú lọ, ẹ ó gbé e, ẹ ó sáré wá kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ẹ̀wẹ̀, ẹ wá ń jí i dìde! Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti wá wọn ilé yín ló ti ń wá síbí. Mo ní kó lọ sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má lọ. Ó ní báwo lòun ṣe máa kàn ṣàdédé sọ ọ́."

Mo gòkè padà wálé. Mo gbàgbé fìlà mi síbẹ̀.

Kò yé mi. Ó ń fi òdòdó ránṣẹ́ sí ara rẹ̀, ó ń sá kúrò nílé, kí n baà lè rí ìdí láti kan ilẹ̀kùn tó wà ní ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí tèmi. Ṣé kò lè la ẹnu ni? Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú tiwa, ògiri ló ń wò. Àti èmi náà, ìgbà wo ni mo la tèmi?

Alápatà ò mọ nǹkan kan. Mo fi ara mi ṣe ẹlẹ́yà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ìkòkò kẹta dé. Maureen kò wojú mi, ó dá fìlà mi padà, ó sì lọ.

Nírọ̀lẹ́, tí iná ilé kẹsàn-án ti tàn, mo gbé ìkòkò, mo dé ẹnu géètì rẹ̀. Mo padà. Bí mo bá kan ilẹ̀kùn lónìí, ó máa mọ̀ pé Maureen ti tú àṣírí rẹ̀, ìtìjú á sì pa á. Tàbí èmi ni ìtìjú ń pa. N kò mọ èwo nínú méjèèjì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo fóònù Maureen. Mo ní kó gbé ìkòkò kan wá sí ilé keje lọ́la, fún Leonard Entwistle. Mo ní n kò ní sí nílé. Ó bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Kí ni kí òun kọ sí káàdì? Mo rò ó fún ìgbà pípẹ́. "Tíì máa ń wà lórí iná ní aago mẹ́rin." Orúkọ ta ni kó wà nísàlẹ̀ rẹ̀? Mo ní Leonard.

Kó mú èyí tó ń tètè dákú.

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́

Mo lọ jókòó sí ibùdókọ̀ ojú irin bí òmùgọ̀, mò ń wo àwọn tó ń lọ sí gúúsù. Nígbà tí mo padà dé, káàdì ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi: ẹrù yín wà ní ilé kẹsàn-án. N kò lọ gbà á. Mo gbé tíì ka iná ní aago mẹ́rin, mo gbé ife méjì jáde. Kò wá. Tíì tutù.

Ṣé bó ti ń ṣe é náà nìyẹn, ní gbogbo ìgbà tó ń dúró dè mí? Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Àánú ara mi náà ṣe mí. Àbí mo ti ṣì í gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀? Àbí Maureen ló sọ tirẹ̀ lásán?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Aago mẹ́rin. Tíì. Ife méjì. Kò sí ẹni tó wá.

Òkùnkùn ṣú, àwọn ọmọdé tó ń fi aṣọ ẹ̀rù bora, bí ìṣe wọn ní alẹ́ yìí lọ́dọọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn gba súìtì. Mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú abọ́ súìtì. Ọ̀kan tó múra bí egungun òkú wá, àjẹ́ kéékèèké mẹ́ta wá, ọ̀kan tí wọ́n fi bébà wé láti orí dé ẹsẹ̀ wá. Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i, mo na abọ́ súìtì síta.

Madam Sugden ni. Kò wọ kóòtù. Ìkòkò wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ewé rẹ̀ ti wó lulẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n gbé èyí sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi fún yín. Ó ti dákú. Mi ò lọ́wọ́ ewéko bíi tiyín, mo ní kí n tètè gbé e wá kó tó kú." Ó wo abọ́ súìtì, ó mú ọ̀kan. "Àná ló yẹ kí n wá. Mo dé ẹnu géètì yín, mo tún padà. Òjò yẹn ni."

Òjò kò rọ̀ lánàá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òjò ọ̀hún pọ̀.

Ó ní, "Leonard. Ṣé tíì ṣì wà?"

Ọdún mọ́kàndínlógún. Mo ní kó wọlé. Ó rí àwọn ewéko tó kún fèrèsé mi, gbogbo wọn dúró ṣánṣán, ó bo ẹnu rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Fóònù dún. Alison. "Dádì, òní ni o. Ẹni yẹn ń dúró. Kí ni ìdáhùn?"

Mo ní n kò lè sọ̀rọ̀ báyìí, mo ní àlejò.

Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn."

Mo ní ìdáhùn náà nìyẹn. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Nínú ilé ìdáná, Avril ti ṣí omi, ó ń bu ún sínú ìkòkò òdòdó náà.