Ta Ló Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Inú Géèmù?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi lórí afẹ́fẹ́.

Màmá mi ò ríran mọ́. Bí mo bá ń gbá géèmù onítàn, mo máa ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún wọn. Nínú ọ̀kan, ìyá kan ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Bó ṣe dé ẹnu ilẹ̀kùn tó gbẹ̀yìn, àwọn tó ṣe géèmù náà ní ká tún sanwó ká tó mọ ẹni tó wà nínú ilé. Wọ́n ta ọbẹ̀ fún wa tán, wọ́n tún ń ta ẹran lọ́tọ̀!

Mi ò san. Mo kàn sọ fún Màmá pé ọmọ náà ló ṣílẹ̀kùn. Màmá pàtẹ́wọ́.

Àbúrò mi ti wá ra apá tó kù: ilé náà ṣófo. Ó ní òun máa sọ òótọ́ fún Màmá.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló ni ìparí ìtàn yìí: ẹni tó ń tà á ni, àbí Màmá?