Ohùn Ọkọ Mi Lórí Rédíò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Àárò yín ń sọ wá. Mo kí ọkọ yín, mo kí ìyá ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Òrùlé wa kò jò mọ́, àmọ́ orúnkún mi ṣì ń dùn mí.

Inú ń bí mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi ti gbàwé àṣẹ láti máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ẹ̀rọ kan wà lórí òkè tí wọ́n ń pè ní ripítà, tó ń gba ohùn wọn, tó sì ń tún un sọ kó lè dé ọ̀nà jíjìn. Ọkọ mi káfíńtà tó jẹ́ pé "hùn" ló fi ń dá mi lóhùn nílé, ẹ wá gbọ́ ẹnu rẹ̀ níbẹ̀! Tíṣà obìnrin kan lódìkejì ìlú ló ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lánàá ọkọ mi ń bi tíṣà náà pé, "Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́? Ṣé ó ti fúyẹ́?" Ta ló bi mí ní ti orúnkún? Mo ní irú ìbéèrè wo nìyẹn. Ó ní, "Hùn."

Èmi náà ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò wọn. Òfin wọn dùn mọ́ mi: ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì ló ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dákẹ́, wọ́n á máa gbọ́ ọ títí á fi tú u sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi rédíò kékeré kan ránṣẹ́ sí mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín gbẹ. Lọ́jọ́ tí mo bá kọ́kọ́ pe ọkọ mi lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ orúnkún mi ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Kó wá sọ pé "hùn" létí tíṣà rẹ̀.

Àbúrò yín ni.