Obì Tí Mo Fi Ń Lé Oorun

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà lẹ́tà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Kàdúná níbí. Sìkírátù, ìwọ àbúrò mi tí o ń ka ìwé yìí fún Ìyá, má fo ibì kankan. Mo mọ̀ pé o máa ń fo ibi tí kò bá dùn.

Ìyá, ẹ ó máa rò ó pé kí ló gbé lẹ́tà yín dénú ìwé ìròyìn. Èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ ní gbangba, gbangba náà ló sì yẹ kí n ti kó o jẹ.

Ọyẹ́ ti dé, ó ń la ètè èèyàn. Ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń hun aṣọ, wọ́n ń dá èèyàn dúró lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kàn. Nítorí náà, bí mo bá ṣe iṣẹ́ ọ̀sán tán, mo máa ń gba ti òru mọ́ ọn, kí ọ̀gá má baà rí ẹ̀sùn kà sí mi lọ́rùn. Obì gbàǹja tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ni mo fi ń lé oorun. Mo ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

Nígbà tó yá, àyà mi ń já, orí ń fọ́ mi, n kò sì lè sùn lọ́jọ́ ìsinmi pàápàá. Ẹni tí mo fura sí ni Gàníyù ọmọ ìlú Olúpọ̀nnà, tí a jọ ń gbé yàrá kan. Òun a máa sùn bí ọmọ ọwọ́. Mo ní ó ti gba oorun mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá oúnjẹ mi sè, mo ń ti omi mímu mọ́nú àpótí. Mo kọ̀wé sí yín pé ayé ń ṣe mi. Ẹ ní kí n ṣọ́ra fún un, ẹ sì fi obì kún obì, kí n lè máa lajú sílẹ̀ ṣọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo ṣubú lẹ́bàá ẹ̀rọ. Gàníyù yẹn náà ló pọ̀n mí dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ó bi mí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tí mo ń jẹ, ó wá ní kò sẹ́ni tó ń ṣe mi, àìsinmi àti ìrònú ni, obì sì ń dá kún un. Ó ní bí n kò bá dẹwọ́, n ó ṣubú lọ́jọ́ kan tí n kò ní dìde. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀gá ló rán an, kí wọ́n lè rí àyè dá mi dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Mo fi iṣẹ́ òru àti obì sílẹ̀, mo ń jókòó lásán sábẹ́ máńgòrò lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oorun dé.

Ibi tí mo ń lọ nìyí, Ìyá. Bàbá wa náà kò sinmi rí. Oko kòkó láàárọ̀, oko ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án. Bí orí bá ń fọ́ wọn, wọn a fi gèlè yín di orí, wọn a tún gbé ọkọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣubú sórí ebè tí wọn kò dìde mọ́, a kò bi ara wa ní nǹkan kan. Bàbá Láwàní àbúrò wọn la nàka sí, torí pé wọ́n jọ jà lórí ààlà oko. Èmi gan-an ni mo dúró lójúde tí mo pè wọ́n ní apànìyàn. Ọdún mẹ́fà rèé, bí wọ́n bá kí yín, ẹ kì í dáhùn.

N kò ní purọ́ fún yín, ìfura kò tíì tán nínú mi. Bí Gàníyù bá bu omi fún mi, mo ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ń ṣọ́ ló gbé mi nílẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Bàbá Láwàní.

Ẹ̀yin náà, ẹ sinmi. Ẹ jẹ́ kí Sìkírátù máa ru ẹrù ọjà Ilé-Ogbó. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí Ó foríji Bàbá wa. Ẹ kí gbogbo ará ilé. Ẹ má fi obì ránṣẹ́ sí mi mọ́. Èyí tí ẹ ti ṣà sínú agbọ̀n, ẹ gbé e lọ sílé Bàbá Láwàní, ẹ ní èmi ni mo fi ń bẹ̀ wọ́n.

Ọmọ yín,
Múráínà